Bí Ọwọ́ Bá Kúrò, Kí Ló Máa Dì Í Mú? Àkọsílẹ̀ Bí Ẹ̀rọ Léètì Kílò 1,200 Ṣe Gòkè Láìsí Kíréènì

Ẹ̀rọ léètì kan ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń fi irin há lẹ́nu, tí irin ọ̀hún á máa yí, tí ọ̀bẹ á sì máa fá a títí tó fi máa rí roboto. Kílò 1,200 ni ìwé tó bá a wá pè é. Ó gùn tó mítà 2.2, mítà 1.8 ló sì wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni ín fẹ́ gbé e kúrò ní yàrá àtijọ́ lọ sí yàrá tuntun tó wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìrìn mítà 14 péré ni. Àmọ́ ilẹ̀ yàrá tuntun fi sẹ̀ǹtímítà 60 ga ju ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹlẹ̀, ọkọ̀ agbẹ́rù kankan kò lè wọ ibẹ̀, kíréènì kò sì ní ibi tó máa na ọwọ́ gbà àfi bí wọ́n bá ṣí òrùlé.

Ọjọ́ mẹ́rin la lò. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, tòun ti àṣìṣe tó wà níbẹ̀, torí ọ̀kan nínú àṣìṣe ọ̀hún, èmi gan-an ni mo ṣe é.

Ọjọ́ kìíní kò ṣojú mi. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé ọ̀gá ibẹ̀ kó ọkùnrin mẹ́jọ jọ, wọ́n yí ẹ̀rọ náà ká, wọ́n kà ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, wọ́n sì gbé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pín 1,200 sí ọ̀nà mẹ́jọ á rí i pé kílò 150 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. NIOSH, ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ẹni lẹ́nu iṣẹ́, fi kílò 23 ṣe òpin ohun tí ẹnì kan yẹ kó fọwọ́ gbé nígbà tí gbogbo nǹkan bá rọrùn fún un. Bí a bá tẹ̀ lé ìyẹn, ó máa tó èèyàn 53 kí ẹ̀rọ yìí tó kúrò nílẹ̀. Níbo ni èèyàn 53 máa dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó gùn ní mítà méjì? Ẹ̀rọ náà mì díẹ̀ ní ìhà kan, ó padà sílẹ̀, ó sì tẹ ọ̀kan nínú wọn níka. Ìka náà kò kán, àmọ́ iṣẹ́ dúró. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá wọn nídìí dígà kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 150. Wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀pá ló kàn, wọ́n sì tọ̀nà. Ibi tí wọ́n gbé igi ìtẹ̀lẹ̀ sí, ìyẹn igi tí ọ̀pá ń sinmi lé bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́, ló kù díẹ̀ káàtó. Torí pé wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ náà gòkè dáadáa lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gbé igi yẹn sí sẹ̀ǹtímítà 50 sí ẹnu ọ̀pá, ó wá ku sẹ̀ǹtímítà 100 lọ́wọ́ wọn. Ọgọ́rùn-ún sí àádọ́ta: ìlọ́po méjì péré. Èèyàn mẹ́ta rọ̀ mọ́ ìdí ọ̀pá náà, ẹ̀rọ kò mì.

Mo ní kí wọ́n sún igi náà títí tó fi ku sẹ̀ǹtímítà 10 sí ẹnu ọ̀pá. Ó wá di 140 sí 10, ìlọ́po 14. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìdí léètì sì dìde. Ariwo sọ nínú ilé. Ṣùgbọ́n ẹnì kan béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n ti béèrè tẹ́lẹ̀: "Ọ̀gá, kí ló dé tí kò fi gòkè ju báyìí lọ?" Ọmọ iṣẹ́ yẹn ti tẹ ọ̀pá wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 70, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún péré ni ẹ̀rọ sì fi gòkè. Ìdáhùn ibẹ̀ kò le: 70 pín sí ọ̀nà 14 jẹ́ márùn-ún. Ohun tí ọ̀pá bá ọ dín kù nínú ipá, inú ìrìn ló ti máa gbà á padà. Kò sí ọ̀pá tó máa fún ọ ní méjèèjì, kì báà jẹ́ wúrà ni wọ́n fi rọ ọ́.

Bí wọ́n ṣe gbà pé sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ni tiwọn, ọ̀nà là. A gbé e díẹ̀, a ti pákó sábẹ́ rẹ̀, a tú ọ̀pá sílẹ̀, a gbé igi ìtẹ̀lẹ̀ ga sí i, a tún gbé e díẹ̀. Pákó ló ń di ohun tí ọ̀pá ti gbé mú. Mo tẹnu mọ́ èyí fún wọn nígbà náà, láìmọ̀ pé èmi fúnra mi máa gbàgbé rẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀pá yẹn tún ṣe iṣẹ́ kejì tí ọ̀pọ̀ kì í rò mọ́ ọn. Òṣùwọ̀n ni. Ọmọ iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ wọn kílò 55. Ní ìdí ẹ̀rọ, kò tiẹ̀ fi gbogbo ara lé e kó tó dìde. Ní ìhà orí, níbi tí mọ́tò àti jíà wà, àfìgbà tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ tó sì rọ̀ mọ́ ọ̀pá pátápátá kó tó gòkè. Márùn-ún dín lọ́gọ́ta lọ́nà 14 jẹ́ 770. Mo wá fojú bù ú pé nǹkan bíi kílò 750 ló wà ní ìhà orí, 450 ní ìhà ìdí. Ó túmọ̀ sí pé ibi tí gbogbo ìwúwo náà ti dọ́gba kò sí láàárín gbùngbùn; nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 68 sí ẹsẹ̀ iwájú, ìyẹn ti ìhà orí, ló wà. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbẹ̀. Ẹ fi ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn sọ́kàn.

Láti yàrá àtijọ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ibi tí ilẹ̀ ti ga kò gba àkókò. A fi igi gbọọrọ méjì sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà, a sì to páìpù irin tó nípọn ní mìlímítà 48 sábẹ́ igi wọ̀nyẹn. Bí a bá ní ká wọ́ ọ lórí ilẹ̀ kọnkéré lásán, ó lè gbà tó ìdajì ìwúwo rẹ̀, ìyẹn kílò 500 sí 600. Lórí páìpù, èèyàn méjì ló ń tì í. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ohun tó ń yí kò fara gbo ilẹ̀ bíi ti ohun tí wọ́n ń wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yà sí ara ògiri, torí pé páìpù iwájú ti wọ́, kò dábùú mọ́. Wọ́n fi òòlù gbá a létí, ẹ̀rọ náà sì padà sójú ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń darí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa lè fi èjìká darí rẹ̀.

Àárín ọ̀sán ti lọ nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ yàrá tuntun, níwájú sẹ̀ǹtímítà 60 yẹn.

Ibí ni àṣìṣe tèmi wà. Pákó líle tó wà nílẹ̀ gùn ní mítà 1.2, gbogbo wa ti rẹ̀, a sì fẹ́ parí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí wọ́n fi ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹ̀rọ máa gbà gòkè. Mo mọ ìṣirò rẹ̀ o: mítà 1.2 sí mítà 0.6, ìlọ́po méjì, ó máa gba ipá tó tó kílò 600 nígbà tí gbogbo ìwúwo ẹ̀rọ bá ti wà lórí rẹ̀. Èèyàn mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, 75 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n á lè fà á. Ohun tí mi ò rò ni ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá dẹ́kun fífà.

Wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n sì fà á. Iwájú ẹ̀rọ gun pákó, ó gòkè tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹsẹ̀ ẹnì kan yọ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ipá dín kù lójijì, páìpù tó ń bá wa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹrù ṣiṣẹ́: ẹ̀rọ náà ń yí padà wálẹ̀. Ohun tó dá a dúró ni wẹ́ẹ̀jì igi kan, igi tí ìdí rẹ̀ nípọn tí ẹnu rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù níbẹ̀ ló ju ú sábẹ́ igi gbọọrọ ọwọ́ ọ̀tún láti ẹ̀gbẹ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni rán an. Ẹ̀rọ náà gun wẹ́ẹ̀jì, ó há, ó sì dúró. A bi í léèrè ohun tó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti ń mú un dání láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, nítorí òun kò rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà.

Mo ní kí gbogbo èèyàn máa lọ sílé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó to àwọn ohun tí a ti lò lẹ́sẹẹsẹ, kì í ṣe bí ìwé ṣe ń tò ó. Hero ará Alẹkisáńdíríà, ní ọ̀rúndún kìíní, ka ẹ̀rọ márùn-ún tí wọ́n fi ń gbé ẹrù: kẹ̀kẹ́ àti ọ̀pá àárín rẹ̀, ọ̀pá ìgbẹ́rù, púlì, wẹ́ẹ̀jì, àti bóòtù oníyíyí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò sí nínú tirẹ̀. Àwọn tó wá lẹ́yìn ló fi í kún un, Simon Stevin ará Flanders sì ti ṣàlàyé ìṣirò ohun tó wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ọdún 1586. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ni ní mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni pé wọ́n ń dín ipá kù. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó wà nídìí ẹrù nílò ọ̀nà míì tó máa fi pín wọn. Àwọn kan máa ń di ohun tí wọ́n gbé mú fúnra wọn bí ọwọ́ bá kúrò, àwọn kan kì í dì í mú. Wẹ́ẹ̀jì máa ń dì í mú. Bóòtù máa ń dì í mú. Ọ̀pá kì í dì í mú, púlì kì í dì í mú, páìpù tó ń yí kì í sì í dì í mú. Àní bí páìpù bá ṣe dára tó ni ewu rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà láàárín: ẹrù tí wọ́n wọ́ lórí rẹ̀ lè dúró fúnra rẹ̀, èyí tó ń yí á padà sílẹ̀. Ìfaragbora, bí ohun méjì ṣe ń gbo ara wọn tí wọn ò jẹ́ kí ara wọn lọ, ni gbogbo ìyàtọ̀ ibẹ̀. Láti àárọ̀ la ti ń sá fún un. Nígbà tó di orí pákó, òun la nílò.

Ọjọ́ kẹta, gbogbo rẹ̀ yàtọ̀. A wá pákó tó gùn ní mítà 3.6, a fi igi gbé àárín rẹ̀ ró kó má bàa tẹ̀. Ó wá di ìlọ́po mẹ́fà: 1,200 sọ̀kalẹ̀ sí 200, mo sì fi 50 kún un nítorí ìyí páìpù. Kílò 250. A kò tún fi ọwọ́ fà á ní tààrà mọ́. A lo púlì oníbejì méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kẹ̀kẹ́ kékeré méjì tí okùn ń gbà kọjá, okùn mẹ́rin ló sì ń bẹ láàárín wọn. Nínú ìwé, ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn. Mi ò gba ìwé gbọ́ níbẹ̀. Bí púlì kọ̀ọ̀kan bá jẹ ìdá mẹ́wàá ipá tó gba orí rẹ̀ kọjá, ohun tó máa kù kò ju ìlọ́po 3.1 lọ. 250 pín sí 3.1 jẹ́ nǹkan bíi 80. Èèyàn mẹ́ta tó, láìmí gulegule.

Ibo la máa so púlì àkọ́kọ́ mọ́? Wọ́n tọ́ka sí férémù ilẹ̀kùn. Mo kọ̀. Ibi tí wọ́n so púlì mọ́ kò gba ipá ẹrù nìkan, ó tún ń gba ipá àwọn tó ń fa okùn padà sí ìhà ẹrù: 250 àti 80, ó di 330. Férémù tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ògiri á já. Yàrá náà ní ẹnu ọ̀nà kejì lẹ́yìn. A fi irin nípọnnípọn dábùú ẹnu ọ̀nà yẹn láti òde, tí ògiri ọ̀tún àti ti òsì fi gbé e, a sì so púlì mọ́ ọn.

Ní ti ohun tó máa dì í mú, a ṣe méjì. Ọmọ iṣẹ́ tó ju wẹ́ẹ̀jì lánàá ni mo fi síbẹ̀, òun àti ẹnì kejì rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn ti wẹ́ẹ̀jì tẹ̀ lé ẹ̀rọ láti ẹ̀gbẹ́. Kò sẹ́ni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì: òpó irin kan wà nínú yàrá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó ń fa okùn kọjú síbẹ̀, a sì yí ìparí okùn po òpó náà nígbà méjì, ẹnì kan ń gba okùn bó ṣe ń dẹ̀. Yíyí méjì yẹn kì í ṣe ohun kékeré. Tí ìfaragbora okùn àti òpó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, yíyí méjì á jẹ́ kí ẹnì kan dá ipá tó tó ìlọ́po 23 tirẹ̀ dúró. Yíyí mẹ́ta á sọ ọ́ di ìlọ́po 111. Bí gbogbo àwọn tó ń fà bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó wà nídìí òpó lè fi ọwọ́ kan di ẹ̀rọ mú.

Wọ́n fa mítà kan, ẹ̀rọ rìn sẹ̀ǹtímítà 25. Ó falẹ̀ débi pé àwọn tó wá wòran kúrò níbẹ̀, mi ò sì mọ àmì tó dára ju ìyẹn lọ pé iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ. Okùn mítà 14.4 ló kọjá kí ẹ̀rọ náà tó rin mítà 3.6. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́yìn náà: láti gbé kílò 1,200 ga ní sẹ̀ǹtímítà 60, iṣẹ́ ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi Joule 7,060 (Joule ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́), bó ti wù kí wọ́n gbà á. Ohun tí àwọn tó ń fa okùn san jẹ́ nǹkan bíi 11,300. A fi púpọ̀ sí i ṣiṣẹ́, kì í ṣe díẹ̀. Púlì àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò dín iṣẹ́ kù rárá. Wọ́n pín in sí kéékèèké tó bá ara èèyàn mu.

Ìlà ṣọ́ọ̀kì ló kù. Nígbà tí iwájú ẹ̀rọ bá ti kọjá etí pákó lókè, kò ní tẹ̀ sílẹ̀. Á máa yọ sókè lójú òfuurufú, á sì máa lọ bẹ́ẹ̀ títí ibi tí ìwúwo ti dọ́gba á fi dé etí náà. Nígbà náà ló máa ṣubú síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tiwa, ẹsẹ̀ iwájú á ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11 ga ju ilẹ̀ yàrá lọ nígbà yẹn. Kílò 750 tó bá já bọ́ láti ibi gíga bẹ́ẹ̀ lè fọ́ ilẹ̀, ó sì lè fọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Torí náà, nígbà tí ìlà ṣọ́ọ̀kì ku díẹ̀ kó kan etí, a dúró, a di okùn mọ́ òpó, a to pákó sábẹ́ iwájú rẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. A tún fà á díẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú jẹ́jẹ́, ó sì sinmi lé pákó. Dígà ti ọjọ́ kejì la fi ń gbé e, tí à ń yọ pákó kọ̀ọ̀kan, títí igi gbọọrọ fi tẹ́jú lórí páìpù nínú yàrá tuntun.

Ọjọ́ kẹrin ti bóòtù tí a fi ń mú kí ẹ̀rọ náà dúró déédéé ni, òun ló sì rọrùn jù. Mẹ́fà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n nípọn ní mìlímítà 16, yíyí kan ń gbé e ga ní mìlímítà méjì. Sípánà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30 rin nǹkan bíi mìlímítà 1,885 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Nínú ìwé, ó ju ìlọ́po 940 lọ. Bí ìfaragbora bá jẹ ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀, ó ṣì ku bí ìlọ́po 94, ìyẹn ni pé ọwọ́ kan tó láti gbé ìhà tó gbé kílò 300. Ìdá mẹ́sàn-án tó sọnù yẹn kò dùn mí rárá: òun náà ni kò jẹ́ kí bóòtù tú padà nígbà tí a gbé sípánà sílẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹrù níbi tí mo bá wà, mo máa ń bi ẹni tó wà nídìí ọ̀pá, ẹni tó wà nídìí okùn, àti ẹni tó wà nídìí páìpù ní ìbéèrè kan náà: "Bí ọwọ́ rẹ bá kúrò báyìí, kí ló máa dì í mú?" Ẹni tí kò bá lè fi ìka tọ́ka sí nǹkan náà, a ò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo tún máa ń béèrè bí okùn tàbí ọ̀pá ṣe máa rìn jìnnà tó, kí n tó béèrè iye èèyàn tó wà nílẹ̀, torí pé ibi tí àyè bá ti há ni wọ́n ti máa ń fẹ́ gé pákó kúrú.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo padà lọ gbé ìwọ̀n olómi, èyí tó ń fi hàn bóyá nǹkan tẹ́jú, lé e lórí. Bóòtù mẹ́rin wà bí a ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Méjì ní ìhà orí ti rì díẹ̀, kọnkéré tuntun ni. Mo tún yí wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì gbà tó ìdá mẹ́wàá yíyí kan.